Ooru àti Ìwọ̀n Ìgbóná: Ohun Méjì tí a Fi Orúkọ Kan Pè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò jìnnà sí ilé.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní àgbẹ̀dẹ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá fi owú lu irin tí ó pọ́n yòò, ìpẹ́pẹ́ iná a máa ta kiri. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí ènìyàn lápá, a ta á fìrí, ó tán. Ṣùgbọ́n bí igbá omi híhó kan bá dà sí i lẹ́sẹ̀, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni. Ìpẹ́pẹ́ iná náà lè gbóná tó dígírì Celsius 1,000. Omi híhó kò kọjá 100. Kí ni ó wá dé tí èyí tí ó gbóná jù kò fi lè ṣe ibi tó èkejì?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun méjì ni a ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbígbóná, pè. Èkíní ni bí nǹkan ṣe gbóná sí. Èyí ni mo ń pè ní ìwọ̀n ìgbóná, òun sì ni tẹmọ́mítà ń kà fún wa. Èkejì ni ooru. Mo mọ̀ pé ooru lẹ́nu wa sábà máa ń jẹ́ èyí tí í múni làágùn ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n níhìn-ín, agbára tí ń ti ara ohun tí ó gbóná jù bọ́ sí ara èyí tí kò gbóná tó o ni mo fi orúkọ náà pè. Joule ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìpẹ́pẹ́ iná kan tí ó wúwo tó mílígíráàmù 1 lè ti 1,000 bọ́ sí ìwọ̀n ìgbóná ara wa, síbẹ̀ ooru tí yóò fi sílẹ̀ kò ní pé Joule 1. Ago omi kan tí ó tutù ní dígírì kan péré ti fi nǹkan bí Joule 1,000 sílẹ̀.

Àwọn kan a máa fi irú àdàpọ̀ orúkọ báyìí ṣe ẹ̀rí pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ físíìsì. Èmi kò gbà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí Fahrenheit ti ṣe tẹmọ́mítà onímẹ́kúrì ní 1714, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń da ohun méjèèjì pọ̀ fún ogójì ọdún ó lé. Herman Boerhaave, oníṣègùn ńlá ní ìlú Leiden, gbà pé àyè tí ohun kan gbà ni ó ń pinnu iye ooru tí ó wà nínú rẹ̀. Joseph Black, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow, ni ó tú ọ̀rọ̀ náà ká ní nǹkan bí 1760. Bí mẹ́kúrì àti omi bá gba àyè kan náà, mẹ́kúrì wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 13 àti ààbọ̀. Bí ooru bá ń tẹ̀lé ìwúwo, ó yẹ kí mẹ́kúrì pẹ́ gidigidi kí ó tó gbóná; bí ó bá ń tẹ̀lé àyè, ó yẹ kí àwọn méjèèjì jọ gbóná pọ̀. Ṣùgbọ́n níwájú iná kan náà, mẹ́kúrì ni ó ń yára gbóná. Black rí i pé kì í ṣe ìwúwo, kì í sì í ṣe àyè. Ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní bí ó ṣe ń gba ooru tirẹ̀. Ìdánwò ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ fún wọn, kò sì sí ìdí tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa.

Mo dá a lábàá pé kí a máa pe èyí ní ìwọ̀n ìgbooru: iye ooru tí kílógíráàmù kan ohun kan gbọ́dọ̀ gbà kí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ tó gòkè ní dígírì Celsius kan. Ti omi jẹ́ nǹkan bí Joule 4,186. Ti irin jẹ́ 450, ti bàbà 385, ti òjé 128. Ti epo pupa kò jìnnà sí ìdajì ti omi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àgbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ fi ẹmú gbé irin kílógíráàmù 1 tí ó gbóná tó 600, ó tì í bọ inú omi lítà 10 tí ó wà ní 28. Bí a bá pe ìwọ̀n ìgbóná tí àwọn méjèèjì jọ parí sí ní T, ooru tí irin sọ nù ni 450 × (600 − T). Èyí tí omi gbà ni 10 × 4,186 × (T − 28). Bí a kò bá ka ìwọ̀nba tí omi tí ó hó dànù gbé lọ, ohun tí ọ̀kan sọ nù ni èkejì gbà, T yóò sì jẹ́ nǹkan bí 34. Irin ti já wálẹ̀ ní dígírì 566. Omi kò gòkè ju 6 lọ. (Ní tòótọ́, ìwọ̀n ìgbooru irin a máa ga sí i bí ó bá ti ń pọ́n, nítorí náà omi yóò gbóná díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Kí ni ó dé tí òjé fi ń tètè gbóná ju irin lọ? Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti wù mí jù. Ní 1819, Pierre Dulong àti Alexis Petit, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí ohun kan nípa àwọn irin. Átọ́ọ̀mù òjé kan wúwo tó átọ́ọ̀mù irin ní ìlọ́po 3.7. Nítorí náà, átọ́ọ̀mù tí ó wà nínú kílógíráàmù irin pọ̀ ju ti òjé lọ ní ìlọ́po 3.7 bákan náà. Ẹ wá fi 128 pín 450: ẹ óò rí 3.5. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ti òjé, ìbáà jẹ́ ti irin, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bèèrè iye ooru kan náà. Ẹni tí ń bu oúnjẹ níbi ìnáwó mọ̀ pé iye orí tí ó jókòó ni yóò sọ iye abọ́ tí òun óò bù, kì í ṣe bí àlejò ṣe sanra tó. Bí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbọ̀n lágbára tó, ní ìpíndọ́gba, ni ìwọ̀n ìgbóná ń sọ fún wa. Iye ooru tí a óò ná kí wọ́n tó gbọ̀n bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ iye tí wọ́n jẹ́. Ní ti omi, mólékù rẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà wọ́n pọ̀ nínú kílógíráàmù kan. Wọ́n sì di ara wọn mú, tí ó fi jẹ́ pé apá kan ooru ń lọ sí títú ìdìmú náà.

Àwọn apẹja etí òkun Bàdágìrì ń rí iṣẹ́ èyí lójoojúmọ́. Ìwọ̀n ìgbooru iyanrìn gbígbẹ jẹ́ nǹkan bí ìdá márùn-ún ti omi. Ìgbì sì tún ń ro omi òkun pọ̀, tí ooru oòrùn fi ń pín sí ibú rẹ̀, nígbà tí ti ilẹ̀ dúró sí òkè níbẹ̀. Nítorí náà, ní ọ̀sán, ilẹ̀ a gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ a gòkè, ti òkun a sì fẹ́ wọlé láti dí àyè rẹ̀. Ní òru, ilẹ̀ a tètè tutù, atẹ́gùn a sì yí padà sí ojú òkun. Katsina kò ní òkun nítòsí. Ní àkókò ọyẹ́, àwọsánmà a ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀run, afẹ́fẹ́ a gbẹ, ilẹ̀ a sì tú ìwọ̀nba ooru tí ó gbà ní ọ̀sán dànù kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bọ́ ẹ̀wù nítorí oòrùn ní ọ̀sán a máa wá kúbùsù ní ìdájí, nígbà tí ará Èkó ṣì ń ṣí fèrèsé sílẹ̀.