Laptop Mi Tó Ń Di Búlúù: Wọ́n Format Ẹ̀ Títí, RAM Ló Ń Dà Á Láàmú

Èjìgbò ni mò ń gbé, laptop tòkunbọ̀ kan ni mo sì fi ń jẹun: mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ project wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ti tẹ iṣẹ́ ẹnì kan dé ojú ewé 40, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló sì fẹ́ gbà á. Àfi gìrì tí gbogbo ojú ẹ̀rọ di búlúù! Ó kọ gẹ̀ẹ́sì kan, ó kú, ó tún tan ara ẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà tí mi ò tíì save ti lọ nìyẹn.

Ó tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é lọ́jọ́ kẹta. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ó ní, "Bọ̀dá, virus ni, ká format ẹ̀." Mo sanwó, ó format ẹ̀. Kò pé ọjọ́ méjì, búlúù tún dé. Ó tún format ẹ̀, pàbó ló já sí.

Kí ni búlúù yìí gan-an? Kì í ṣe àìsàn, àmì àìsàn ni. Kernel ni ọkàn Windows. Tó bá rí àṣìṣe tí kò lè gbà kọjá láìséwu, á dá gbogbo iṣẹ́ dúró, kó má baà kọ ìkọkúkọ sórí disk. Ẹ wò ó bíi dẹ́rẹ́bà danfo tó gbọ́ ìró burúkú lára bíréèkì, tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kíákíá.

Software lè fà á. Ní July 19, 2024, update kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike sọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà di búlúù káàkiri ayé, bẹ́ẹ̀ hardware kankan ò bàjẹ́ níbẹ̀. Hardware náà lè fà á: ooru, disk, tàbí RAM.

Mo wá ń fi fóònù ya fọ́tò orúkọ tó ń kọ. Lónìí, MEMORY_MANAGEMENT, lọ́la, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Orúkọ tó ń yí padà bẹ́ẹ̀, tí format ò sì wò ó sàn, RAM ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ìdí ni pé òǹkà 0 àti 1 ni RAM ń tọ́jú. Tí ibì kan lára ẹ̀ bá bàjẹ́, 0 lè di 1. Ètò yòówù tó bá bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa forí fá a, ìyẹn ni orúkọ ò ṣe dúró sójú kan.

Mo tẹ Windows àti R pọ̀, mo kọ mdsched.exe, mo jẹ́ kó yẹ RAM wò. Ó ní òun rí ìṣòro lára hardware. RAM méjì ló wà nínú ẹ̀, 4GB, 4GB. Mo pa á, mo yọ ṣájà àti bátìrì, mo wá yọ RAM kan. Ó ń falẹ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò di búlúù. Mo fi ìkejì rọ́pò ẹ̀: kò pé wákàtí kan, búlúù! Mo fi iréésà rọra nu etí ẹ̀ tó ní àwọ̀ góòlù, mo gbé e sí ojú ihò kejì, ibi pẹlẹbẹ náà ló tún fi lélẹ̀. Ọwọ́ ti tẹ olè.

Mo wọkọ̀ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, mo ra òmíràn. Ẹ rántí o: DDR4 ò lè wọ ihò DDR3, ẹ mú ti àtijọ́ dání kí wọ́n fi wé e.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó format, ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín sórí flash, ẹ ka orúkọ tó kọ, ẹ yẹ RAM wò. Owó format méjì tí mo san dà nù ì bá ti ra RAM yẹn.