"Settler": Kí Ni Ọ̀rọ̀ Yìí Ń Wí?

"Settle" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ènìyàn tẹ̀dó síbì kan, kí ó fìdí kalẹ̀. Lẹ́nu wa ní Nàìjíríà, ẹni tí ó "settle" ọlọ́pàá fún un ní rìbá ni. Ẹni tí ó "settle" tọkọtaya sì parí ìjà wọn.

Ẹ̀rín tán bí ẹ bá dé Angwan Rogo ní ìlú Jos. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí baba baba rẹ̀ sí ìlú náà lè jẹ́ "settler" síbẹ̀. Àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n ń fi pè é, ó sì ṣòro kí ó tó rí ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ gbà, ìwé tí wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ ìjọba. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dárúkọ "indigene" níbi yíyan mínísítà, kò sì túmọ̀ rẹ̀. Awuyewuye yìí wà lára ohun tí ó fa ìjà oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, tí ẹ̀mí púpọ̀ bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ kùsà àti rélùwéè gbé dé Jos kò bọ́ lọ́wọ́ orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Sábó n'Ìbàdàn, àdúgbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, kí ni àwa náà ń pè é? Àlejò ni.