Ìṣúra Abẹ́ Ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀

Oríṣìíríṣìí ìṣúra ni ó sọnù láyé àtijọ́. Òmíràn rì sínú òkun pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó gbé e. Òmíràn ni a rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun, tí ẹni tí ó mọ ojú ibẹ̀ sì kú láìsọ. Ní 1922, ní ilẹ̀ Íjíbítì, Howard Carter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ibojì ọba Tutankhamun, ó sì bá wúrà tí ó ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 3,000 ọdún lọ. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ ìròyìn náà. Ọdún 16 péré lẹ́yìn èyí ni ọkọ́ àwọn lébìrà kọlu ìṣúra mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ọrọ̀ nìkan ni èyí mú jáde. Ó mú ẹ̀rí wá sínú ẹjọ́ kan tí àwọn àlejò ti dá láìtíì gbọ́ tẹnu onílé.

Bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó gbọ́ pé àwọn ènìyàn a máa wú ìlẹ̀kẹ̀ ayé àtijọ́ jáde ní Igbó Olókun. Ó háyà òṣìṣẹ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì rí orí ènìyàn tí a fi amọ̀ mọ tí a sì fi iná sun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ̀ ọ́ lójú jù lọ ni orí idẹ kan tí ó dé adé, tí a ń pè ní orí Olókun. Pọ́n-ùn 6 àti ìgò ọtí wisikí kan ni ó fi rà á. Nígbà tí ọ̀ràn náà di ẹjọ́ níwájú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba orí idẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ díẹ̀ nínú àwọn orí amọ̀ náà bá a dé Berlin.

Ohun tí Frobenius kọ lẹ́yìn èyí dun ni ju ohun tí ó kó lọ. Ojú rẹ̀ rí i pé iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà pé aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti wá tẹ̀dó sí agbègbè yìí rí, pé ibí gan-an ni Atlantis, ìlú inú ìtàn Gíríìkì tí wọ́n sọ pé ó parẹ́, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun tiwọn, ni Yorùbá ń pè ní Olókun. Báyìí ni ó ṣe gba iyì iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, tí ó sì gbé e fún àlejò tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1938, àwọn lébìrà ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Wọn kò tíì wà á jìn púpọ̀ tí ọkọ́ fi kan irin. Nígbà tí wọ́n kó erùpẹ̀ kúrò, orí ènìyàn ni wọ́n rí. Kí ọdún náà tó parí, orí 17 ni ó ti jáde, pẹ̀lú ààbọ̀ ère ọba kan, láti orí dé ìbàdí. Púpọ̀ nínú àwọn orí náà tó orí ènìyàn gidi. Àwọn kan kọ ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, àwọn mìíràn sì ń dán láìní ilà kankan. Bí ènìyàn bá wo ètè àti ìpéǹpéjú wọn, yóò dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí ó gba sùúrù ni iṣẹ́ náà. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ orí. Yóò wá fi ìda oyin bò ó ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ara ìda yìí ni yóò sì ti gbẹ́ ojú, imú, ẹnu àti ilà. Yóò tún fi amọ̀ mìíràn bo ìda náà, yóò sì dá ihò sí i. Bí ó bá gbé e sínú iná, ìda yóò yọ́, yóò sì ṣàn jáde, àlàfo yóò wá kù láàrin amọ̀ inú àti amọ̀ òde. Inú àlàfo yìí ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Nígbà tí ó bá tutù, yóò fọ́ amọ̀ òde dànù, orí náà yóò sì yọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè lo ìda yìí. Bí idẹ kò bá dé ibì kan, iṣẹ́ di àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbà pọ́ńbélé tún ṣòro dà ju idẹ lọ, nítorí kì í ṣàn geere. Síbẹ̀ àwọn ará Ifẹ̀ fi í ṣe díẹ̀ nínú àwọn orí náà.

Àwọn orí wọ̀nyí ni wọ́n já ọ̀rọ̀ Frobenius ní koro. Orí kan ṣoṣo, a lè sọ pé ará òkèèrè ni ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nípa orí 17, tí ojú wọn jọ ti àwọn orí amọ̀ tí ilẹ̀ Ifẹ̀ kún fún? Àwọn amòye fi ọjọ́ orí wọn sí àárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Pọtogí kò tíì dé etíkun wa kí ó tó di nǹkan bí 1470. Nínú ààfin pẹ̀lú, ìbòjú bàbà kan ti wà rí tí kò sí lára àwọn tí a wú nílẹ̀; Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀, ni àwọn ará ilé ń pè é, ọba yìí kan náà ni ìtàn sì so iṣẹ́ idẹ mọ́. Ìtàn ẹnu àti ẹ̀rí abẹ́ ilẹ̀ bára mu.

Ohun tí a rí tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù lẹ́ẹ̀kejì. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá ní Ifẹ̀ nígbà náà, ra orí méjì, ó kó wọn lọ sí ilé. Ọdún 1950 ni wọ́n tó padà wá. Olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times ra ọ̀kan, láti ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì gbà dé London, níbi tí ó ti wà ní British Museum láti 1939. Èyí ni ó ta ìjọba jí láti ṣe òfin tí yóò dí ọ̀nà kíkó irú ohun bẹ́ẹ̀ jáde. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí pa àwọn tí ó kù mọ́ nínú ààfin, a sì ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ifẹ̀ ní 1954. Nítorí náà, nígbà tí àwọn lébìrà tún bá ère idẹ pàdé ní Ìta Yemòó ní 1957, ọ̀ràn yàtọ̀. Frank Willett, amòye nínú iṣẹ́ wíwú ilẹ̀, yẹ ibẹ̀ wò ní ẹsẹ̀ ẹsẹ̀, ó sì kọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan gbé wà sílẹ̀. Nàìjíríà ni ó sì ni àwọn ère náà.

Títí di òní ni a ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní Surulere, ní Mushin, ní Ifẹ̀ àti ní àwọn ìlú wa gbogbo. Òfin ọdún 1979 sọ ọ́ di dandan kí ẹni tí ó bá rí ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀ fi tó àwọn aláṣẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Ẹni tí ó bá tà á ní kọ̀rọ̀ gba owó díẹ̀, ó sì pa ẹ̀rí kan lẹ́nu mọ́ títí láé. Nítorí orí idẹ tí a kò mọ ibi tí ó ti jáde, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ di ti Gíríìkì. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gbé ní Yaba kò níláti rìn jìnnà kí ó tó rí iṣẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Kí ó sọdá afárá lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní Oníkàn ní 1957. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ní í náání èèpo igi.