Àmù Tó Ń Jẹ Iná

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rántí àmù ìyá àgbà tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn Ìlaròó bá ń ta bí ata, ẹ ti igbá bọ̀ ọ́, omi tútù lẹ ó bù. Kò sí iná, kò sí yìnyín. Omi ló ń rọra yọ lára amọ̀ bí òógùn. Bí òógùn yẹn bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ooru inú àmù lọ. Ẹni tó bá fi ọ̀dà kun àmù kó lè dán ti ba iṣẹ́ jẹ́. Àmù náà kò ní lè làágùn mọ́.

Éésì tí ẹ gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀, àmù ni òun náà. Kì í ṣe pé ó ń ṣe òtútù, ooru ló ń kó jáde. Gáàsì tó wà nínú rẹ̀ á gba ooru yàrá rù, á gba inú páìpù lọ sẹ́yìn ilé, á sọ ẹrù kalẹ̀, á tún padà wá gbé òmíràn, bí alábàárù ọjà Ṣayédẹ̀rọ̀. Ẹ lọ dúró nídìí àpótí tó wà níta: atẹ́gùn gbígbóná tó ń fẹ́ lù yín yẹn, ooru pálọ̀ yín ni. Ará Amẹ́ríkà kan, Willis Carrier, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1902, kì í sì í ṣe ooru ara ènìyàn ló ń rò. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, nítorí ọ̀rinrin ń mú bébà wọn wú bí awọ ìlù ṣe ń dẹ̀ nígbà òjò.

Ìdọ̀tí ni ọ̀tá alábàárù yìí. Bí ọyẹ́ bá dé, tó kó eruku aṣálẹ̀ wá, tí erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Ayétòrò tún dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣí ìdérí éésì inú ilé wò. Asẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sẹ́ ògì ti mọ ibi tí mò ń lọ: bí èérí bá kún asẹ́, ẹ lè da omi títí, ògì kò ní kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn kò ní kọjá. Páìpù inú á di yìnyín, omi á máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì, owó mítà á sì máa sáré tán, síbẹ̀ ooru ń mú yín.

Ìgbà náà ni oní-éésì á dé, á ní gáàsì ti tán. Ẹ gbọ́ o, gáàsì éésì kì í tán bí epo fìtílà. Bí ó bá dín, páìpù ti lu níbì kan. Kó wá ojú ihò, kó dí i, kó tó rọ òmíràn sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti rọ gáàsì fún mi. Ẹnìkẹta tó wá, asẹ́ ló kàn fọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀. Ẹ fa asẹ́ yọ, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi òjìji, torí oòrùn á ká a kò. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà òjò, oṣù kan ò pọ̀ jù. Àpótí ìta ńkọ́? Ẹ má kó igi ìdáná tì í, ẹ má sá aṣọ lé e. Ibẹ̀ ni ojú ihò èéfín rẹ̀. Páìpù tí omi ń gbà jáde, ẹ máa wò ó bí ẹ ṣe ń wo ojú àgbàrá kí òjò tó rọ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú lọ́hùn-ún ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọṣẹ́, torí wọ́n rọ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ dìde báyìí, ẹ fa asẹ́ yín yọ, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá rí òdìkejì, ẹ gbé omi àti ọṣẹ wá.