Ṣáàjì Wo Lẹ Ń Sọ? Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan Tó Fẹ́ Kó Ìyá Aláta Sí Wàhálà

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wò. Kò ṣàjèjì sí yín. Ṣáàjì ni.

Ìyá kan tó ń ta ata ládùúgbò wa ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ ìjà. Ìyá sáré débẹ̀. Ọlọ́pàá kan ní, “Màmá, a máa ṣáàjì ọmọ yín láàárọ̀ ọ̀la.”

Kíá, ìyá ti tú owó nídìí ìró. “Ọ̀gá mi, kí ló wá di ọ̀la sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáàjì ẹ̀ báyìí, owó rèé!”

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rò pé iye tí òun máa san ni wọ́n ń wí. Àṣé kọ́ọ̀tù ni wọ́n fẹ́ gbé ọmọ lọ!

Ta ló máa bá ìyá wí? Tó bá gbowó lọ́dọ̀ oní-POS, wọ́n á yọ ṣáàjì. Tó bá gbé fóònù fún ọmọ tó ní jẹnẹrétọ̀, ṣáàjì nìyẹn náà, ọmọ ọ̀hún á tún gba ṣáàjì lórí ṣáàjì! Tó bá dé ọsìbítù, wọ́n á ní nọ́ọ̀sì báyìí ló wà ní ṣáàjì. Kódà, bí akọ màlúù bá kì mọ́ èèyàn, ṣáàjì kan náà ni òyìnbó ń pè é.

Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe wá pọ̀ tó báyìí? Látinú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀, níbi tó ti jẹ mọ́ kẹ̀kẹ́ akẹ́rù. Àwọn Faransé sọ ọ́ di kí èèyàn di ẹrù, lọ́wọ́ wọn ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbà á. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹrù ni? Iná ni ẹrù bátìrì. Owó ni ẹrù oníbàárà. Wọ́ọ̀dù ni ẹrù nọ́ọ̀sì. Ẹ̀sùn sì ni ẹrù tí wọ́n gbé ka ẹni tí wọ́n mú lórí.

Ẹrù ti ìkẹyìn yìí ló wúwo jù, òfin sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 36, sọ pé dandan ni kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n fi kàn ní èdè tó gbọ́. Bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kọ́ọ̀tù, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Abala 35 tún ní ẹni tí wọ́n mú lè pa ẹnu mọ́ títí tó fi máa rí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ń wí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti pe ṣáàjì, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹrù wo nìyẹn?” Bó bá jẹ́ owó, ẹ ná an. Bó bá jẹ́ iná, ẹ jẹ́ kó kún. Bó bá jẹ́ ẹ̀sùn, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì wá lọ́yà. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò yé yín o.

Ọmọ ìyá aláta ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá lọ ra ata, ẹ má dárúkọ ṣáàjì níwájú ìyá!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ òyìnbó wo ló ti kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.