Àwọn àgbà pùrógírámà: Iṣẹ́ òru tó ń gbé owó ará Àgbádárìgì ró

Bí ẹ bá dé ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó rí i pé kì í ṣe owó bébà nìkan ni àwọn tó ń ra àgbọn, ẹja àti gàrí ń kà sọ́wọ́ ọlọ́jà mọ́. Oníbàárà á tẹ fóònù rẹ̀, fóònù ìyá ọlọ́jà á dún pé owó ti wọlé, oníbàárà á sì gbé ọjà rẹ̀, ó di ilé. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kan tó ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún nídìí kọ̀ǹpútà ni owó náà gbà kọjá kó tó dé. Àwọn ni wọ́n ń pè ní pùrógírámà.

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́n fúnra rẹ̀. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tí kò ní ṣe ju ohun tí wọ́n sọ fún un lọ. Pùrógírámà ló ń to àṣẹ sílẹ̀ fún un ní ẹsẹẹsẹ: bí owó tó wà lápò ẹni yìí bá kéré sí èyí tó fẹ́ san, má ṣe san án, bí ó bá tó, yọ ọ́ níbí, fi í sọ́hùn-ún, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ti ṣe é. Àwọn àṣẹ bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ débi pé ìwé ńlá mélòó kan kò ní gbà wọ́n.

Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán, iṣẹ́ parí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn apẹja Ògù tó wà létíkun láti Topo dé Gberefu mọ̀ pé àsìkò tí apẹja fi ń tún àwọ̀n ṣe lórí ilẹ̀ kò kéré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ètò kọ̀ǹpútà. Òfin owó orí á yí padà, báǹkì á gbé ọjà tuntun jáde, àwọn ọlọ́ṣà á wá ọgbọ́n míràn, a ó sì gbọ́dọ̀ tún ètò náà ṣe. Àtúnṣe yìí ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ayé àgbà pùrógírámà.

Láti orí páálí oníhò

Ètò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963 ló mú kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Nígbà náà, orí páálí pélébé ni wọ́n ń lu àṣẹ sí ní ihò-ihò. Bí òkìtì páálí náà bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, tí ó sì dàrú, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èdè COBOL, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1959, ni ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá káàkiri àgbáyé ń lò láti bá ẹ̀rọ wọn sọ̀rọ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Longe ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọdún 1978, àwọn oníṣẹ́ náà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀.

Ọdún 1989 ni ẹ̀rọ tó ń pọ owó kọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Lọ́dún 1993, àwọn báǹkì dá NIBSS sílẹ̀ kí owó lè máa ti báǹkì kan bọ́ sí òmíràn. Ní 2002, Interswitch dé.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ hàn dáadáa ni Ọ̀gbẹ́ni John Obaro, tó dá ilé iṣẹ́ SystemSpecs sílẹ̀ ní 1992. Ètò ìṣirò owó tí wọ́n kọ lókè òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Nígbà tó yá, wọ́n kọ tiwọn, HumanManager, tó ń ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ Remita. Ọdún 2015 ni Remita di ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kó owó àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba sínú àpò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní TSA. Ọdún 23 ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ kí gbogbo ìlú tó gbọ́ orúkọ wọn.

Ìgbà tí oorun jìnnà sí wọn

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà kò lè gbàgbé ọdún 1999. Kí àyè má bàa ṣòfò nínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà méjì péré ni àwọn tó kọ ètò àtijọ́ fi ń pe ọdún: 1967 á di 67. Nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀, ẹ̀rù ba gbogbo ayé pé kọ̀ǹpútà á rò pé ọdún 1900 ni. Bàbá tí wọ́n bí ní 1935, tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, lè di ẹni tí wọn kò tíì bí lójú ẹ̀rọ. Ńṣe ni àwọn pùrógírámà ń yẹ ètò wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan, oṣù dé oṣù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, 2000 mọ́, tí nǹkan ńlá kan kò ṣẹlẹ̀, àwọn kan ní irọ́ ni wọ́n ti ń pa láti ọjọ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí rí. Bí ó bá dára, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ṣe ohunkóhun.

Èkejì dé ní oṣù keje ọdún 2004. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo jẹ́ gómìnà rẹ̀, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní owó ìdókòwò bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Àwọn ará ìlú rí i tí wọ́n ń kun ilé báǹkì ní ọ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò rí àwọn tó ń da ìwé oníbàárà báǹkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan. Ẹni tó ń jẹ́ Mautin ní báǹkì kan lè jẹ́ Mawutin ní èkejì. Bí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀ ní ìdàkudà, owó ẹni kan á bọ́ sápò ẹlòmíràn.

Ti ẹnubodè Sẹmẹ

Iṣẹ́ yìí kò dúró sí báǹkì. Lọ́dún 1981, ECOWAS bẹ UNCTAD, àjọ ìṣòwò lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pé kó bá àwọn ṣètò àkọsílẹ̀ ọjà tó ń wọlé, tó ń jáde, láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ètò aṣọ́bodè tí wọ́n ń pè ní ASYCUDA, tí àwọn tó ń sọ Faransé ní Benin ń pè ní SYDONIA. Nǹkan bí 100 orílẹ̀-èdè àti ilẹ̀ ló ti bá wa lò ó báyìí. Kò sí bí ètò kan ṣe lè lo ọdún tó lé ní 40 láìjẹ́ pé wọ́n ń tún un kọ lóòrèkóòrè. Nàìjíríà ti kúrò lórí ASYCUDA++, ó bọ́ sórí NICIS, kó tó wá kan B'Odogwu tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láàárín 2024 sí 2025. Àwọn tó ń kó ọjà gba Sẹmẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ọkọ̀ á dúró, tòmátì kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Òpópónà àti ìpè òru

Ìlú Èkó ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà wà, nítorí náà ẹni tó ń gbé Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ jáde nílé kí àkùkọ tó kọ. Ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Marina dé Mile 2 ni ó dúró.

Bí wọ́n bá tún padà délé, iṣẹ́ kò tíì parí. Òru ni báǹkì ń ṣírò gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lóòjọ́. Òru náà ni wọ́n ń gbé ètò tuntun wọlé, nígbà tí oníbàárà ń sùn. Ọjọ́ ọdún tí àwọn aládùúgbò ń jẹ ìrẹsì, orí kọ̀ǹpútà lẹlòmíràn nínú wọn wà. Ìparí oṣù, tí owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì ń jáde, ni ojú wọn máa ń pọ́n jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ọ̀wọ́n nítorí pípààrọ̀ náírà, gbogbo ìlú kọjú sí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ òkun já létíkun Ivory Coast, àwọn báǹkì kan nílẹ̀ wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Ta ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́mọ ọdún 25 ní 1989 ti lé ní 60 ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó gba ipò wọn ti wọ bàálù lọ sí Kánádà àti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà yìí mọ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Orí wọn ló wà. Àwọn ló mọ ìdí tí wọ́n fi fi àṣẹ kan síbẹ̀ lọ́dún 1998, àti ohun tí yóò bàjẹ́ bí wọ́n bá yọ ọ́. Yorùbá ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni ilé iṣẹ́ ń sọ nù bí wọ́n bá ní kí àgbà máa lọ sílé láìjẹ́ pé ó kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ọdún 2024, àwọn báǹkì ńlá kan pààrọ̀ ètò tó jẹ́ òpó ilé wọn, àwọn oníbàárà kan kò sì rí owó wọn lò fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, láti Íńdíà àti Switzerland ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san owó rẹ̀. Sterling Bank yàn láti lo SeaBaaS, èyí tí wọ́n kọ ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun yóò kọ tòun gbọ́dọ̀ ní àwọn tí yóò máa tún un ṣe fún ọgbọ̀n ọdún.

LASU wà ní Ọ̀jọ́, LASUED sì wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, ojú ọ̀nà Àgbádárìgì kan náà ni méjèèjì wà. Bí ilé iṣẹ́ bá ń fi ọdún méjì tó ṣáájú ìfẹ̀yìntì àgbà pùrógírámà kọ̀ọ̀kan sí kíkọ́ ọmọṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀, ó lè má ná wọn tó iye tí ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ dákẹ́ ń ná wọn. Bàbá tó fẹ̀yìn tì ní Ajara kò nílò kó mọ orúkọ ẹni tó tún ètò ṣe lóru. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kí owó rẹ̀ wọlé bí oṣù bá parí.