Ìbòmú Tí À Ń Wọ̀ Látàárọ̀ Dalẹ́: Kí Ló Ń Ṣe Ojú Wa?

 Gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Port Harcourt la mọ̀ pé láti ìparí ọdún 2016 ni èéfín dúdú tí wọ́n ń pè ní soot ti ń bà sórí ilé, ọkọ̀ àti aṣọ tí a bá sá. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, ìbòmú di dandan. Àwọn nọ́ọ̀sì wa, àwọn wẹ́dà àtàwọn tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lè wọ̀ ọ́ fún wákàtí 8 tàbí 10 lójúmọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ojú ti ń bẹ̀rẹ̀: irorẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n, ojú tó ń yún, ẹ̀yìn etí tó bó, orí imú tó di egbò.

Kí ló fà á? Èémí wa gbóná, ó sì lómi nínú. Tó bá pàdé òógùn lábẹ́ ìbòmú nínú ooru ìlú yìí, awọ ara á rọ̀, ọ̀rá àti ìdọ̀tí á dí àwọn ihò ara. Ìbòmú náà á tún máa ha ojú kan náà. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, irorẹ́ lè lọ kí àpá dúdú rẹ̀ kù.

Àpá yìí ló ń mú kí àwọn kan sáré lọ ra ìpara ìbóra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Òmíràn ní mercury nínú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn ní sítẹ́rọ́ìdì: ojú á kọ́kọ́ dán, àmọ́ awọ á fẹ́lẹ́, irorẹ́ á sì padà wá.

Ohun tó yẹ ká ṣe nìyí:
- Ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ má fi kànìnkànìn ha á.
- Ẹ fi ìpara tó fúyẹ́ pa á kẹ́ ẹ tó wọ ìbòmú. Ẹ má kun àtíkè sábẹ́ rẹ̀.
- Tó bá jẹ́ ti aṣọ, ẹ ní méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́, kẹ́ ẹ pààrọ̀ èyí tó bá ti tutù. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò lára rẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sá a sínú ilé, kí èéfín má bà lé e.

Àwọn kan ní ká kúkú jù ú nù. Rárá o! Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín yẹn ń lọ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níta nígbà tó bá pọ̀, N95 ló dáa fún un. Aṣọ lásán ò lè sẹ́ ẹ tán.

Tí ojú ò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó ń ṣe ọyún, ẹ lọ rí dókítà awọ ara ní UPTH. Tẹ́ ẹ bá dé ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ sọ fún àwọn tí kò ráyè kà á.